Sàúdátù àti Mọ́sà Pọ́ọ̀mù

Sàúdátù ọmọ Àkànó kì í jẹ ẹyin. Kì í mu wàrà pẹ̀lú. Kì í ṣe pé ara rẹ̀ kọ̀ wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni òórùn wọn kò rí i lára. Èèwọ̀ ilé wọn ni. Ní agbo ilé Àkànó ní Kambolé, ìlú Yorùbá kan ní ilẹ̀ Tógò, ohun tí ẹyẹ bá yé láti fi bímọ, àti ohun tí màlúù bá ní lọ́mú fún ọmọ rẹ̀, ọmọ ilé náà kò gbọdọ̀ fi ẹnu kàn án, kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ mú un. Wọ́n ń jẹ adìẹ. Wọ́n ń jẹ ẹran màlúù. Ohun ọmọ ni wọn kì í bá ọmọ dù. Ẹ̀sìn Ìmọ̀lé dé, ó bá èèwọ̀ náà nílẹ̀, kò sì bá a jà, nítorí kò sí ibi tí wọ́n ti pàṣẹ pé dandan ni kí ènìyàn jẹ ẹyin.

Àbẹ̀bí ló kọ́ ọ ní èèwọ̀ yìí. Àbẹ̀bí ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, òun sì ni àgbà gbogbo ọmọbìnrin tí wọ́n bí sínú agbo ilé náà. Ìyá tó bí Sàúdátù kú nígbà tí ọmọ náà ń rákòrò. Àbẹ̀bí gbé e pọ̀n, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ fún ẹlòmíràn mọ́. Ìyá ni Sàúdátù ń pè é.

Iṣẹ́ Àbẹ̀bí ni mọ́sà àgbàdo. Ó ń dín in tà lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Tchamba. Omidùn ló fi ń mú un wú, omi kíkan tó máa ń lé sórí ògì. Omidùn ọjọ́ kan kò ní agbára. Ti ọjọ́ márùn-ún ti kan kọjá ààlà. Ọjọ́ mẹ́ta ni tirẹ̀. Á dà á sínú ìyẹ̀fun, á máa rò ó lọ sí apá kan ṣoṣo, kò ní dá ọwọ́ padà. Ó ní ẹni tó bá dá ọwọ́ padà ti tú èémí inú rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá rò ó tán, á dé e, á lọ kírun. Nígbà tó bá fi máa padà, ó ti wú dé ẹnu igbá. Sàúdátù pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó ti lè dín igba mọ́sà láìjẹ́ kí ẹyọ kan jó.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó lọ sí Sokodé, sí ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń ta obì ní àdúgbò Komah. Ibẹ̀ ló ti pàdé Ṣítù, aránṣọ kan ní àdúgbò Kouloundè. Ará Kambolé ni àwọn òbí Ṣítù náà. Ẹ̀rọ ìránṣọ tirẹ̀ ló ń lò, kì í ṣe èyí tó yá. Ó ránṣẹ́ sí Àkànó, Àkànó sì gbà. Yìgì ló kù.

Sàúdátù rí iṣẹ́ ní Sokodé. Ó ń tún ilé ṣe fún ìyàwó òyìnbó kan tí ọkọ rẹ̀ ń wọn ọ̀nà fún ìjọba. Mádáàmù ni gbogbo wọn ń pè é. Ọkùnrin ará Aného kan ló ń se oúnjẹ níbẹ̀. Ọjọ́ tó dé ibi iṣẹ́ ni Sàúdátù ti sọ pé òun kì í fọwọ́ kan ẹyin. Alásè náà rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, ìyẹn ni pé kò ní jí òun ní ẹyin.

Ọdún tí rélùwéè kọ́kọ́ dé Blitta ni pọ́ọ̀mù dé Sokodé. Èso igi ìlú òyìnbó ni. Ó tóbi tó ìkúùkù ọmọdé, ara rẹ̀ ń dán, ó dùn, ó sì kan díẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin gbé àpótí rẹ̀ kan dé Blitta, kamiọ̀n, ọkọ̀ akẹ́rù, gbé e dé Sokodé. Ní ọjọ́ Àìkú kan, Mádáàmù ní àlejò, ibà sì dá alásè dúbúlẹ̀. Mádáàmù pe Sàúdátù, ó ní kó wá dín bẹnyẹ́ pọ́ọ̀mù. Wọ́n á gé èso náà pẹlẹbẹ, wọ́n á rì í bọ inú ìyẹ̀fun pípò, wọ́n á dín in nínú òróró. Mádáàmù gbé ẹyin mẹ́ta àti wàrà inú agolo síwájú rẹ̀.

"Nọ̀n, Mádáàmù," ni Sàúdátù wí.

"Kí ni nọ̀n? Ta ló gbọ́ bẹnyẹ́ láìsí ẹyin rí?"

"Ẹ jẹ́ kí n ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é nílé wa. Bí kò bá dára, ẹ dà á fún ajá."

Ó sáré lọ sí ọ̀dọ̀ obìnrin Tem kan tó ń ta kókó, ògì gbígbóná, ní ẹ̀yìnkùlé, ó bu omidùn ọjọ́ mẹ́ta wá. Ó po ìyẹ̀fun, ó rò ó sí apá kan, ó dé e. Àwọn àlejò jẹ ẹ́ tán. Mádáàmù nìkan jẹ mẹ́rin. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kò sí ẹyin níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é sídìí òróró bí pọ́ọ̀mù bá ti dé.

Bí iṣẹ́ ti rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó dé Kambolé yàtọ̀.

Dàda ará Bago máa ń ru iṣu wá tà ní Sokodé. Ó rí Sàúdátù lọ́jà pẹ̀lú agbọ̀n ẹyin lórí. Òótọ́ ni, wọ́n máa ń rán an láti ru ẹyin. Nígbà tí Dàda sọ ọ́ ní Bago, rírù ló ń rù ú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé Tchamba, fífọ́ ló ń fọ́ ọ. Nígbà tó fi máa wọ Kambolé, Sàúdátù ń jẹ ẹyin mẹ́fà láràárọ̀, ó sì ń fi wàrà sìn ín.

Àbẹ̀bí kò bi í léèrè. Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ ọdún náà, Sàúdátù wá kí i, ó kúnlẹ̀. Àbẹ̀bí yíjú sí ewúrẹ́ tó so mọ́ èèkàn, ó ní, "Kúulé, ewúrẹ́." Kò pe orúkọ ọmọ náà mọ́. Ohun tí ọmọ náà bá sè, kò jẹ ẹ́. Bó bá ní ọ̀rọ̀ láti bá a sọ, á sọ ọ́ fún ẹlòmíràn kó lè gbọ́. Oṣù mọ́kànlá ni ó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyẹn ì bá má le tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ti yìgì. Ní ilé wọn, ọmọbìnrin tó ń lọ sílé ọkọ gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ se oúnjẹ kan nínú agbo ilé. Òun nìkan ni yóò sè é. Ẹni kejì kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, kò sì gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Àgbà ọmọbìnrin ilé ni yóò kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Bó bá jẹ, bàbá lè dá ọjọ́, àwọn obìnrin ilé á sì kó lẹ́yìn ìyàwó dé ilé ọkọ. Bí kò bá jẹ, ọmọ náà lè lọ o, kò sẹ́ni tó máa dè é mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni yóò gbé ẹrù rẹ̀ rù. Ọjọ́ tí ìjà bá sì dé ní ilé ọkọ, wọ́n á wí fún un pé, "Ta ló mú ọ wá? Ṣebí ìwọ lo rin ara rẹ wá?"

Àkànó kò lè rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ohunkóhun. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ obìnrin ni. N kò lè ti ọwọ́ bọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu kí n là á."

Ọdún kejì tí rélùwéè dé Blitta, oṣù ààwẹ̀ tún bọ́ sí àkókò pọ́ọ̀mù. Sàúdátù tọrọ àyè ọjọ́ mẹ́fà lọ́wọ́ Mádáàmù láti lọ se oúnjẹ náà nílé. Mádáàmù fún un ní pọ́ọ̀mù méje. Sàúdátù tọrọ ìyẹ̀fun àlìkámà kún un, Mádáàmù wọn ife mẹ́rin fún un sínú àpò kékeré.

Ṣítù sin ín dé ibi kamiọ̀n. Ó wo inú agbọ̀n rẹ̀.

"Iṣu ni kí o sè fún wọn," ni Ṣítù wí. "Ta ló mọ nǹkan yìí ní Kambolé?"

"Bí mo bá se iṣu, Ìyá á ní iṣu ni. Kò sẹ́ni tó bá mi ṣẹjọ́ iṣu. Ohun òyìnbó tí wọ́n ní mo ń fi ẹyin ṣe ni mo fẹ́ ṣe níṣojú wọn, kí wọ́n rí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

"Bí wọn kò bá jẹ ẹ́ ńkọ́?"

"A jẹ́ pé èmi nìkan ni yóò ru àpótí mi wá bá ọ ní Kouloundè. Kí o yáa wá ibi tí a óò gbé e sí."

Ṣítù kò rí ẹ̀rín rín.

Kamiọ̀n gbé e dé Tchamba kí oòrùn tó kan àtàrí. Láti ibẹ̀ ó fẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú àwọn obìnrin tó ń ti ọjà bọ̀. Wọ́n sùn lọ́nà ní abà kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó wọ Kambolé. Ó kí bàbá rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ fún Àbẹ̀bí. Àbẹ̀bí wo ewúrẹ́.

Sàúdátù gbé agbọ̀n sí ilé ìdáná, ó lọ wẹ̀. Kò pẹ́ rárá níbẹ̀. Nígbà tó dé, Jàríátù wà nídìí ìkòkò. Jàríátù ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n Sàúdátù. Ó ń fún ọmọ oṣù mẹ́rin lọ́mú, nítorí náà kò gba ààwẹ̀. Kì í pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Adúmáadán ló ń pe Sàúdátù, nítorí àwọ̀ rẹ̀ dúdú, ó sì ń dán.

"Adúmáadán, ikàn tí ẹ mú bọ̀ láti Sokodé yìí mà tóbi o," ni Jàríátù wí. "Mo ti gé mẹ́ta sínú ọbẹ̀ àwọn ọmọ."

"Ikàn wo?"

"Èyí tó wà nínú agbọ̀n yín. Mo bó èèpo rẹ̀. Mo tọ́ ọ wò, kò korò rárá. Àbí ṣúgà ni wọ́n ń fi ṣe ajílẹ̀ oko ikàn ní Sokodé ni?"

Sàúdátù ṣí ìkòkò. Irú wà níbẹ̀, ata wà níbẹ̀, pọ́ọ̀mù mẹ́ta sì ń lúwẹ̀ẹ́ láàárín wọn.

"Ìyàwó, pọ́ọ̀mù ni! Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e láti ìlú òyìnbó! Wọn kì í fi se ọbẹ̀!"

"Ẹ dákun, n kò mọ̀. Àmọ́ ẹ má wí pé wọn kì í fi se ọbẹ̀ mọ́. A ti fi sè é."

Láti ẹ̀yìn ògiri ni ohùn Àbẹ̀bí ti wá. "Jàríátù, kí ni ẹni yẹn ń pariwo fún?"

"Ikàn ni, Ìyá."

"Ikàn ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ kígbe ní Sokodé báyìí? Wọ́n mà kúkú ti là."

Sàúdátù fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló wá. Àwọn ọmọ kéékèèké tí ààwẹ̀ kò tíì kàn jẹ ọbẹ̀ náà ní ọ̀sán. Wọ́n lá abọ́, wọ́n sì béèrè bóyá ikàn òyìnbó ṣẹ́kù. Mẹ́rin ló ṣẹ́kù. Sàúdátù fi wọ́n sábẹ́ igbá, ó sì gbé ọlọ lé igbá náà.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àárín agbo ilé ló gbé gbogbo nǹkan sí, kì í ṣe inú ilé ìdáná. Ó wọn ife ìyẹ̀fun mẹ́ta sínú igbá, ó fi ife kẹrin pamọ́. Ó bu iyọ̀ ìka mẹ́ta sí i. Ó da ife omidùn méjì lé e, díẹ̀díẹ̀. Ògì Jàríátù ló ti bu omidùn náà, ó sì ti béèrè ọjọ́ orí rẹ̀ kó tó bù ú. Ọjọ́ mẹ́ta ni. Ó rò ó sí apá ọ̀tún títí tó fi dán, tí kò sì ní kókó. Kò dá ọwọ́ padà. Ó dé e, ó gbé e sí ibi tí oòrùn ti ń yà.

Àbẹ̀bí jókòó sórí àpótí ìjókòó rẹ̀ níbi ìṣísẹ̀ mẹ́fà sí i. Ó ń ṣa ẹ̀wà. Ẹ̀wà kan náà ló ti ń ṣà láti òwúrọ̀.

Nígbà tí àwọn ọkùnrin ń lọ kírun alásàrí, Sàúdátù gé pọ́ọ̀mù. Ó gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà márùn-ún, ogún pẹlẹbẹ lápapọ̀. Ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ yọ kóró àárín wọn, wọ́n wá dà bí òrùka ńlá. Ní Sokodé, bó bá ti gé e báyìí ló ń dín in. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó fẹ́ kó dùn ju ti Sokodé lọ. Ó gún ṣúgà oníhóró mẹ́fà, ó gún atalẹ̀, ó wọ́n ọn sí wọn lára, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ títí oòrùn fi rẹlẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ṣe àṣìṣe. Ṣúgà a máa fa omi ara èso jáde. Nígbà tó padà dé ìdí wọn, wọ́n ti wẹ̀ sínú omi ara wọn.

Kò kíyè sí i. Ìyẹ̀fun ló ń wò. Ó ti wú dé ẹnu igbá, ó ń yọ ojú kéékèèké bí ẹni tó ń mí. Ó dùn mọ́ ọn. Ó gbé agbada kaná, ó da òróró ẹ̀pà sí i. Ó kán ìyẹ̀fun díẹ̀ sí i wò. Ó rì, ó léfòó kó tó ka ẹ̀ta. Òróró ti tó. Ó mú pẹlẹbẹ kìíní, ó rì í bọ inú ìyẹ̀fun, ó gbé e sínú òróró.

Ìyẹ̀fun náà ṣí kúrò lára rẹ̀ lójú kan náà. Ó lọ sí apá kan, pọ́ọ̀mù lọ sí apá kejì. Òróró ta sókè, gbogbo wọn sì sún sẹ́yìn.

"Ẹ̀wù rẹ̀ bọ́ o!" ni Jàríátù kígbe. "Adúmáadán, ṣé ní ìhòòhò ni wọ́n ń jẹ ẹ́ níbẹ̀ ni?"

Sàúdátù mú èkejì. Ó rì í bọ̀ dáadáa, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀wù tirẹ̀ náà bọ́. Pọ́ọ̀mù náà jó dúdú ní etí.

Òógùn bọ́ ní iwájú orí rẹ̀. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, oòrùn ti kan orí àwọn igi, kò sì sí ẹni tó lè tọ́ nǹkan kan wò fún un. Ó ku méjìdínlógún. Àwọn obìnrin ilé ti ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mọ ohun tí wọ́n máa wí bó bá di ọ̀la.

Níbi ìṣísẹ̀ mẹ́fà, Àbẹ̀bí ti gbàgbé ẹ̀wà. Ọwọ́ rẹ̀ ń yún un. Ó ti dín mọ́sà fún ogójì ọdún, ó sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí pẹlẹbẹ kìíní ti ń kán omi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá fọwọ́ kan agbada, oúnjẹ náà kì í ṣe ti ìyàwó mọ́. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn.

"Jàríátù," ló wí, "sọ fún ẹni yẹn pé..."

Sàúdátù ti ń gbé ẹ̀kẹta lọ sínú òróró. Omi ń kán lára rẹ̀, tó, tó, tó. Ẹ̀wù ẹ̀kẹta bọ́.

"Jàríátù, sọ fún un..."

"Kí n sọ kí ni, Ìyá?"

Sàúdátù mú ẹ̀kẹrin.

"Sàúdátù!" ni Àbẹ̀bí ké. "Fi í sílẹ̀! Ṣé o fọ́jú ni? Omi ló wà lára rẹ̀! Nù ún! Fi aṣọ nù ún, kí o fi ìyẹ̀fun gbígbẹ pa á lára kó tó wọ inú ìyẹ̀fun pípò! Ta ló ń di ẹṣin olómi lára ní gàárì?"

Ó pe orúkọ rẹ̀ wàyí. Oṣù mọ́kànlá nìyẹn. Jàríátù gbá ẹnu ara rẹ̀ mú kí ẹ̀rín má bàa jáde. Sàúdátù kò gbójú sókè. Bó bá gbójú sókè, ó lè sunkún, omijé yóò sì wọ inú òróró.

"Ẹ ṣeun, Ìyá," ló wí.

Ó tú ife ìyẹ̀fun kẹrin sórí àwo. Ó fi aṣọ mímọ́ nu pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan. Ó fi ìyẹ̀fun gbígbẹ pa á lójú, ó pa á lẹ́yìn, ó gbọ̀n ọ́n. Ó rì í bọ̀. Ó gbé e sínú òróró. Ó rì, ó léfòó, ó wú, ó pọ́n. Ẹ̀wù rẹ̀ kò bọ́.

"Yí i padà," ni Àbẹ̀bí wí. "Kò tíì yá. Dúró. Ó yá."

"Ìyá, ṣé kì í ṣe pé ẹ ti ń bá a dín in báyìí?" ni Jàríátù béèrè.

"Ẹnu ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Ọwọ́ mi dà? Ṣé o rí ọwọ́ mi?"

"N kò rí i. Ẹ jókòó lé e."

Mẹ́tàdínlógún ló jáde dáadáa. Sàúdátù tò wọ́n sórí ewé nínú àwo fífẹ̀. Òórùn wọn gba agbo ilé kan. Ilé kejì ránṣẹ́ wá béèrè ohun tí wọ́n ń dín.

Ládánì pe ìrun màgáríbì. Gbogbo wọn fi omi ṣínu, wọ́n sì kírun. Lẹ́yìn náà Àbẹ̀bí padà sórí àpótí rẹ̀. Sàúdátù kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú àwo. Jàríátù àti àwọn obìnrin ilé jókòó yí wọn ká. Ebi ń pa wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fọwọ́ kan nǹkan ṣáájú Àbẹ̀bí.

Àbẹ̀bí kò na ọwọ́.

"Dàda ní òun rí ọ ní Sokodé," ló wí.

"Ó rí mi, Ìyá."

"Kí ló wà lórí rẹ?"

"Agbọ̀n ẹyin."

Àwọn obìnrin kan mira. Àbẹ̀bí kò mira.

"Ta ló tò ó sínú agbọ̀n?"

"Ẹni tó ń tà á."

"Ta ló kó o jáde?"

"Alásè wọn, ọkùnrin ará Aného."

"Ọwọ́ tìrẹ ńkọ́?"

Sàúdátù mọ̀ pé bí òun bá wí pé ọwọ́ òun kò kàn án, kò sí ẹlẹ́rìí níbẹ̀. Kódà Dàda kò rí i. Jàríátù ń fi ojú sọ fún un pé kó wí bẹ́ẹ̀. Ó wo mọ́sà mẹ́tàdínlógún inú àwo.

"Ó kàn án lẹ́ẹ̀kan, Ìyá. Òjò rọ̀. Ẹsẹ̀ mi yọ̀ ní ìtòsí mọ́ṣáláṣí ní Komah. Ọ̀kan fẹ́ bọ́ sílẹ̀, mo fọwọ́ gbé e kí n tó mọ̀."

"Yé è," ni Jàríátù wí lábẹ́lẹ̀.

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo gbé agbọ̀n kalẹ̀. Mo bẹ bàbá kan tó ń ṣe àlùwàlá fún omi. Mo fi iyẹ̀pẹ̀ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo fi omi fọ̀ ọ́ nígbà méje bí ẹ ti kọ́ mi. N kò fi ọwọ́ náà jẹun títí di ọjọ́ kejì. Ọwọ́ òsì ni mo fi jẹun. Ìyàwó àbúrò bàbá mi sì bú mi, ó ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́."

"Ìgbà méje?"

"Ìgbà méje, Ìyá."

Àbẹ̀bí mí kanlẹ̀. "Èmi náà tẹ ẹyin mọ́lẹ̀ rí," ló wí. "Adìẹ yé e sínú àgbàdo tí mo fẹ́ kó. Mo fọ ẹsẹ̀ mi ní ìgbà méje, mo sì lọ sọ ọ́ fún ìyá mi lọ́jọ́ náà gan-an. Ìwọ ńkọ́? O wá nígbà ìtúnu, o kúnlẹ̀ níwájú mi, o kò wí nǹkan kan."

"Ẹ ò bi mí, Ìyá. Ewúrẹ́ lẹ kí."

"Mo ń retí kí o sọ ọ́ fúnra rẹ. Dàda ló yẹ kí n ti ẹnu rẹ̀ gbọ́? Dàda tí kò lè ka iṣu ara rẹ̀ pé?"

"Ẹ forí jì mí."

Àbẹ̀bí yọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jáde lábẹ́ itan. Ó ti kú tìpiri nítorí ó ti jókòó lé e pẹ́. Ó gbọ̀n ọ́n. Ó wo àwọn mọ́sà náà yíká, ó mú èyí tó wà láàárín. Ó ṣe bísímílà. Ó gé e jẹ.

Gbogbo wọn ń wo ẹnu rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ pẹ́. Eyín rẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Ó gbé e mì, ó fi ahọ́n wá ohun tó kù ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu.

"Iyọ̀ rẹ̀ kéré," ló wí.

Ó jẹ èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó sì mú òmíràn.

"Ó rọ̀," ló wí. "Ó wú dáadáa. O kò dá ọwọ́ padà."

"N kò dá a padà, Ìyá."

"Mo rí i. Ẹ̀yin tó kù, kí lẹ ń wò? Ṣé kí n máa bu òkèlè sí yín lẹ́nu ni?"

Ọwọ́ mẹ́jọ wọ inú àwo lẹ́ẹ̀kan náà. Jàríátù mú méjì, ó ní ọ̀kan jẹ́ ti ọmọ ọwọ́ òun. Wọ́n ní ọmọ rẹ̀ kò léyín. Ó ní òun máa bá a jẹ ẹ́.

Àbẹ̀bí ya ẹyọ mẹ́ta sọ́tọ̀, ó fi ewé wé e, ó gbé e lé Sàúdátù lọ́wọ́.

"Gbé èyí fún bàbá rẹ ní ẹnu ọ̀nà. Sọ fún un pé mo ti jẹ. Sọ fún un kó ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé Ṣítù, kí wọ́n dá ọjọ́. Èmi fúnra mi ni n óò ṣíwájú rẹ wọ Kouloundè."

Sàúdátù di ewé náà mú, ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Kí lo tún kúnlẹ̀ dúró dè? Á tutù."

Sàúdátù dìde, ó sì lọ.